Ọmọ tó ń jà, ọmọ tó ń yájú, ọmọ tó kàn dákẹ́: ẹ̀yin òbí Ìkòròdú, ẹ jẹ́ ká fikùn lukùn

Ìyá Fáwàsì, Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi ló gbé mi dé ibí. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Láti ìgbà tó ti dé láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ìpè ilé-ìwé ò dáwọ́ dúró: ó na ẹnìkan, ó da omi sí ìwé ẹlòmíì, wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun ò jókòó. Nílé, bí mo bá ní kó lọ wẹ̀, ariwo ni. Bí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn. Ó tún ń lu àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti pé ọdún 14. Ìyẹn ò pariwo ní tiẹ̀, àmọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀, á gbójú kúrò, tàbí kó dá mi lóhùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé fóònù wọ abẹ́ aṣọ ìbora lóru. Bàbá wọn ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Mile 12, àwọn ọmọ á sì ti sùn kó tó wọlé. Èmi nìkan ni mò ń dá wọn wò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó lè gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Ọ̀wùtù:
Ìyá Fáwàsì, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi ò gùn. Ọmọ ọdún 9 tó ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, pàṣán ló ń wá. Nígbà tiwa, bí bàbá bá wúkọ́ lásán, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mú un lópin ọ̀sẹ̀, kó nà án dáadáa, lẹ́yìn náà kó bá a sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ọ̀dọ̀gùnyàn:
Bàbá Ọ̀wùtù, ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. Mo gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àṣẹ wà nílé. Àmọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń lu ẹlẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì mi, tí mo bá tọ ọ̀rọ̀ wọn délé, mo máa ń bá ẹgba níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹgba ń dá ìwà dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́gba bá wà nítòsí. Kò kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó fi rọ́pò ìwà náà.

Ìyá Fáwàsì, kí ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: kí ló ń ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí lòun gan-an ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Ẹ má kọ “ó ṣe agídí”. Ẹ kọ “aago 7 alẹ́, mo ní kó pa fóònù, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, mo dá fóònù padà kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́”. Tí ẹ bá kà á padà, ẹ ó rí i pé ìwà yẹn ní wákàtí tirẹ̀, ó ní ohun tó máa ń ru ú sókè, ó sì ní èrè tí ọmọ ń rí jẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ wo ọmọ tó ń sunkún nítorí bisikíìtì lọ́jà Sábó. Ìyá ní rárá, ọmọ sunkún. Ìyá tún ní rárá, ọmọ yí mọ́lẹ̀. Ojú ti ìyá, ó rà á. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ẹkún kékeré kì í ràn, ti ńlá ló ń ràn. Ìyá náà kọ́ tirẹ̀: bí mo bá ti fún un, ariwo á dákẹ́. Nígbà míì ó lè jẹ́ ìyá ló máa lọgun: á pariwo títí ọmọ á fi bẹ̀rù, ọmọ á dákẹ́, ìyá á sì gbà pé ariwo ló ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì á ṣe máa ti ara wọn lọ sókè. Gerald Patterson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí òbí àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn ṣe nílé, ló ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń yí po, ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òbí lágbàáyé lónìí sì ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, èrè yẹn lẹ máa gé. Bí ẹ bá gé e, ariwo á kọ́kọ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Ọmọ ń dán an wò bóyá ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń ṣí ni. Bí ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ariwo tó le jù yẹn gan-an lẹ san owó fún. Ẹkún, kíkùn àti ìráhùn la lè fojú fò o. Ìlù àti jíju nǹkan, a kì í fojú fò wọ́n.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀dẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo yín ń sọ ibi tí ọmọ ti ń ṣe ohun tí kò dáa. Ẹnìkan ò tíì béèrè ibi tó ti ń ṣe dáadáa. Ìyá Fáwàsì, ìgbà wo lẹ kí ọmọ yìí ní oríkì rẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹ bá rán an lómi, tó sì lọ láì jẹ́ pé ẹ pariwo, ẹ pe oríkì rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe gan-an: “Àkànní, o ṣé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ tó o ti gbé e wá.” Ẹ má ṣe sọ pé “o ṣé lónìí, ká ní bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn”. Ẹ ti fi ìbáwí sínú ìyìn yẹn, òun lọmọ á gbé lọ.

Èkejì. Lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, òun nìkan ni ọmọ ilé. Ìyá àgbà á fún un lẹ́ran, á pa àlọ́ fún un, á pọ́n ọn lé bí ẹni tó ti dàgbà. Ó wá dé ọ̀dọ̀ yín, ó bá ẹ̀gbọ́n tó ń bínú, ó bá àbúrò tó wà lẹ́yìn yín, bàbá ò sí nílé. Ọmọ yẹn ń ṣàárò. Ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé àárò ń sọ òun, ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kó mọ̀ pé wọn ò gé òun kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ọ̀wùtù, mo gbọ́ tiyín. Àmọ́ àwọn tó sọ pé ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, wọ́n ní ká fi òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé òsì. Àwọn òbí tiwa, ojú ni wọ́n fi ń bá wa wí jù, nítorí pé a ti jẹun lọ́wọ́ wọn, a ti rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ wọn, a ò fẹ́ kí ojú yẹn yí padà sí wa.

Ìyá Ìbejì, Ìsáwo:
Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọmọ míì wà tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run. Ọmọ jẹ́jẹ́ kì í dédé yí padà báyìí. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa wò ó, kí wọ́n gbàdúrà sí i lórí.

Nọ́ọ̀sì Agric:
Ìyá Ìbejì, àdúrà dára, èmi náà ń gbà á fún àwọn ọmọ mi. Àmọ́ ibikíbi tí wọ́n bá ti ní ọmọ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ tipátipá, tàbí pé àwọn máa dè é mọ́lẹ̀, tàbí pé àwọn máa fi ọ̀pá lé nǹkan jáde lára rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007. Ìfìyàjẹni ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Ara ọmọ la máa ń kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lè má gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é, ká máa sọ pé ó kọ etí ikún. Ọmọ tí kò rí ojú pátákó á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹni tó jókòó tì í ṣeré. Wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú rárá: á kàn ranjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ, tíṣà á rò pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Oorun ńkọ́? Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Ọmọdé tí kò sùn tó kì í rọra tòògbé bí àgbà. Ńṣe ló máa ń sáré kiri, tí ohun kékeré á máa bí i nínú.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí ọ̀nà tí ọpọlọ wọn ń gbà ṣiṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ́, tàbí kí wọ́n dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n. ADHD ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àìkọ́mọ ló ń fà á. Kí wọ́n tó lè sọ pé òun ni, ó gbọ́dọ̀ ti máa hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 6, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ nílé àti níta, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi yín, Ìyá Fáwàsì: báwo ló ṣe rí ní Ìjẹ̀bú? Aago mélòó ló sì ń sùn?

Ìyá Fáwàsì, Ìgbógbó:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Nọ́ọ̀sì, kò sí ẹjọ́ kankan ní Ìjẹ̀bú. Tíṣà rẹ̀ níbẹ̀ ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Oorun ò tó, mo gbà. Nítorí tẹlifíṣọ̀n, aago 11 ti máa ń lù kó tó sùn, aago 5 ààbọ̀ ni mo sì ń jí i kí ọkọ̀ ilé-ìwé má bàa já a sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí Tíṣà ní kí n ra. Alẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ìgbà tí mo bá ń bọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe gan-an lásìkò tó bá lu ọmọ yẹn? Ẹ má gbàgbé ti ẹ̀gbọ́n wọn o.

Tíṣà Ọ̀dọ̀gùnyàn:
Aago 11 sí aago 5 ààbọ̀, wákàtí 6 ààbọ̀ ni. Ó ku wákàtí 2 ààbọ̀ kó tó débi tó kéré jù fún ọmọ ọdún 9. Ẹ má fa aago oorun rẹ̀ sẹ́yìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, kò ní sùn. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 dín in kù ní alẹ́ díẹ̀ díẹ̀ títí á fi dé aago 8 ààbọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n sì kú fún gbogbo ilé ní wákàtí kan ṣáájú.

Bó bá lu àbúrò rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tí wọ́n lù, kí ẹ tù ú nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀: “A kì í lu ara wa nílé yìí.” Kó lọ jókòó síbi kan tí kò sí eré, tí kò sì sí òkùnkùn tàbí ìbẹ̀rù, kó má ju ìṣẹ́jú kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ má wàásù fún un níbẹ̀. Bó bá parí, kó wá ṣe nǹkan fún àbúrò rẹ̀: kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tàbí kó bá a gbé omi. Ìyẹn ni ìbáwí, ó sì ti tán. Ẹ má tún un sọ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ bíi pé ẹjọ́ tuntun ni. Bí ẹ bá máa gba fóònù, ẹ gbà á fún ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n gba fóònù rẹ̀ fún oṣù kan ti mọ̀ pé kò sí ohun tí òun tún lè pàdánù.

Bí ẹ bá ń pàṣẹ, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣe. “Ṣé o máa wẹ̀?” kì í ṣe àṣẹ, ìbéèrè ni, ó sì lè sọ pé rárá. “Fáwàsì, gbé fóònù sórí tábìlì, ó yá, ilé ìwẹ̀.” Kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún un sọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù rèé, òun náà ni àwọn òbí sábà máa ń fò: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ẹ ta ayò, ẹ ya àwòrán, ohun tó bá yàn. Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀, ẹ má bi í léèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ má fi gbígbà á jẹ ẹ́ níyà lọ́jọ́ tó bá ṣe ohun tí kò dáa, ọjọ́ yẹn ló nílò rẹ̀ jù. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ́ ọmọ kékeré, ẹ fún un níṣẹ́ níbẹ̀: kó di ife mú, kó máa kọrin fún un. Ipò ẹ̀gbọ́n lẹ gbé e sí yẹn, ó máa hàn lójú rẹ̀.

Bàbá Ọ̀wùtù:
Ṣé kí òbí wá máa bẹ ọmọ ni?

Tíṣà Ọ̀dọ̀gùnyàn:
Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, sà. Àṣẹ kò yí padà, ìbáwí ò yẹ̀ lọ́jọ́ kankan. Lílù nìkan la yọ kúrò.

Bàbá Ọ̀wùtù:
Mi ò tíì gbà tán lórí ẹgba, àmọ́ ọ̀rọ̀ oorun yẹn wọ̀ mí létí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un fún àwa bàbá. Ìyá Fáwàsì, ẹ yéé sọ pé “jẹ́ kí bàbá ẹ dé”. Bàbá tí kì í sí nílé, tó jẹ́ pé ìyà nìkan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣèlérí, ọmọ ò ní fẹ́ kó dé. Kí ọkọ yín máa pè é láti inú ọkọ̀ lójoojúmọ́, kó bi í léèrè ohun kan tó dùn mọ́ ọn. Kó mú un dání lọ gẹrun lọ́jọ́ Sátidé. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ fẹnu kò lórí òfin ilé, kí ọmọ má bàa rí àlàfo láàárín yín.

Àǹtí Télọ̀, Sábó:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọmọ obìnrin. Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, mo fẹ́ràn wọn gan-an, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń rí.

Apá iwájú ọpọlọ, èyí tó ń bá èèyàn wọn ohun tó fẹ́ ṣe wò kó tó ṣe é, kì í gbó tán títí èèyàn fi ń sún mọ́ ọdún 25. Apá tó ń wá ìdùnnú àti ìyìn ẹgbẹ́ ti jí tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ọmọ ọdún 14 lè mọ ohun tó tọ́ dáadáa ní ọ̀sán, kó sì ṣe òdìkejì rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá ń wò ó. Bó ṣe ń fẹ́ yara tirẹ̀, tí kò sì fẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́, ìdàgbà ni. Ẹ yan ohun tí ẹ máa jà fún. Irun tó dì, orin tó ń gbọ́, ẹ lè fi ìyẹn sílẹ̀. Ibi tó wà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, aago tó ń wọlé, ẹ dúró lórí ìyẹn.

Ẹ má pè é jókòó síwájú yín kí ẹ ní “ó yá, sọ̀rọ̀”. Ẹ jọ ṣa ẹ̀fọ́, ẹ jọ ká aṣọ, ẹ jọ rìn lọ sọ́jà. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ tí ojú ò sì kọ ojú, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Bó bá sọ ohun tó bà yín lẹ́rù, ẹ gbé e mì ná. Bí ẹ bá lọgun, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹ máa gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá yájú, ẹ sọ fún un pé “a máa sọ ọ́ nígbà tí ohùn àwa méjèèjì bá rọlẹ̀”, kí ẹ sì sọ ọ́ lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fóònù: kí gbogbo fóònù ilé sùn sí pálọ̀, tiyín náà. Bí òfin bá mú ìyá, ọmọ ò ní lè sọ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Àmọ́ o, bí ọmọ bá yí padà lójijì, tó ń bẹ̀rù ẹnìkan pàtó, tí kò fẹ́ lọ sí lẹ́sìnnì tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀, tó ń wẹ̀ léraléra, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tàbí tó ní ẹ̀bùn tí kò lè sọ ẹni tó fún un, ẹ má pè é ní ìyájú. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ń fọwọ́ kàn án, tàbí pé wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́ àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, DSVA, ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́: 08000333333. Mirabel Centre tó wà nínú LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba Èkó ní Ìkẹjà, sì ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò láti 2013. Kí ẹ tètè lọ, kí wọ́n lè fún un ní oògùn tó yẹ láàárín wákàtí 72 tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Kóòṣì, Èbúté:
Àwọn ọmọkùnrin ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, nítorí náà mo máa kúrú. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ mọ ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ṣe ládùúgbò wa. Ọmọ tó bá ń ní owó tí kò sẹ́ni tó fún un, tó ń yẹra fún àdúgbò kan láìsọ ìdí, tó ní ọgbẹ́ tí kò ṣàlàyé, ẹ bi í léèrè ní jẹ́jẹ́. Ìbẹ̀rù ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn wọlé, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa jáde. Ti oògùn olóró náà wà níbẹ̀: ìjọba ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ tó ní codeine wọlé láti 2018, síbẹ̀ ẹ yẹ ìgò wò nínú báàgì. Ojú pupa nìkan kò tó ẹ̀rí o, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọmọ tó kàn ń ṣàìsùn. Ọmọ tó bá ní ibi tó ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ akọrin, pẹ̀lú àgbàlagbà kan tó mọ orúkọ rẹ̀, kì í rọrùn láti fà lọ.

Nọ́ọ̀sì Agric:
Mo fẹ́ fi ibi tí ẹ máa lọ kún un, kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́la má bàa máa wá a kiri.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mélòó kan tí kò yí padà, tàbí tí ọmọ ń ṣe ẹranko níkà, tó ń dáná sun nǹkan, tó ń sá kúrò nílé mọ́jú, tó ń fi ohun ìjà dẹ́rù ba èèyàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, kí wọ́n kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ. LASUTH ní Ìkẹjà ní àwọn dókítà ọpọlọ àti ìwà. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ti Yaba, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Mo mọ̀ pé orúkọ Yaba ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ fún òbí ni ìtọ́jú wọn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ilé ni wọ́n ń sùn.

Bí ọmọ bá sọ pé ó wu òun kí òun kú, tàbí tó ń gé ara rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni ẹ máa lọ. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti gbogbo oògùn ilé pamọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ẹ mú ìwé kékeré tí Tíṣà sọ yẹn dání, ẹ mú ìwé èsì ilé-ìwé, ti Ìjẹ̀bú àti ti ibí, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn tó ń lò. Bí bàbá bá lè wá, kó wá. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ fún ọmọ pé dókítà fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kí ilé lè tura fún gbogbo yín. Ẹ má sọ fún un pé ọjà lẹ ń lọ.